Àmì Orí Olórí

Ọkùnrin kan wà ní Monrovia, ní ọdún keje tí ìbọn ti dákẹ́, tí ó fi ìka ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di ìyàwó ọba. Kò ró ìró, kò wé gèlè, ẹnikẹ́ni kò sì fi oògùn sà á. Àmì kan ṣoṣo tí kò tó ẹsẹ̀ eèrà ni ó fi ṣe é. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ná, nítorí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn ara rẹ̀ ju bí ó ti yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn ẹni tí kò tíì mọ̀ dáadáa ni.

Orúkọ rẹ̀ ni Olújùwọ́n Adégòkè. Ìjọ kan tí olú-ìjọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn ni ó ṣí ilé ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí Camp Johnson Road, fún àwọn àgbàlagbà tí ogun lé kúrò ní ilé-ìwé. Pásítọ̀ tí ó fi Adégòkè síbẹ̀ ti kọjá lọ sí Sierra Leone kí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn tó rí ojú ẹni tí ó fi síbẹ̀. Ní oṣù kìíní, Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kẹta, ó di Ọ̀gá. Nígbà tí ọdún yóò fi yípo, ó ti di Olórí. Kì í ṣe olórí bí a ṣe ń sọ pé olórí ẹbí tàbí olórí kíláàsì o. Olórí yìí dá dúró bí orúkọ àbísọ. Bí fóònù bá dún, á gbé e sétí, á ní, "Olórí ni ó ń sọ̀rọ̀." Nílé, Kẹ́mi ìyàwó rẹ̀ á bi í pé, "Olórí, ṣé kí n bu ewé ẹ̀gẹ́ lé ìrẹsì yín?" Òun náà á dáhùn pé, "Olórí gbà bẹ́ẹ̀."

Ẹni tí ó kọ́ gbogbo ènìyàn ní bí a ṣe ń pe orúkọ yìí ni Níran, akọ̀wé rẹ̀. Níran ni ó máa ń nu àga kí Olórí tó jókòó, tí ó sì tún máa ń nù ún lẹ́yìn tí Olórí bá dìde, kí ògo má baà gbẹ mọ́ ọn lára. Bí Olórí bá húkọ́ nínú ìpàdé, Níran á kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Níbí ni Olórí ti dúró díẹ̀ nítorí ìwúwo ọ̀rọ̀." Bí Olórí bá sọ pé òjò ń rọ̀, Níran á wo ojú fèrèsé, á mi orí, bí ẹni pé àṣẹ ni òjò náà ti ń retí.

Ìyìnlọ́lá ni ó ń ṣe iṣẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń ti Gardnersville wá ní àràárọ̀ ni, òun nìkan sì ni olùkọ́. Kọ̀ǹpútà méjìlá ni wọ́n ní, gbogbo wọn ni wọ́n ti gbó, ètò ọ̀fẹ́ ni Ìyìnlọ́lá sì kó sínú wọn: ọ̀kan fún lẹ́tà àti ìṣirò, ọ̀kan fún àwòrán. Ọ̀fẹ́ yìí kì í ṣe ti ohun tí wọ́n jù sẹ́yìn ilé. Àwọn tí ó ṣe ètò náà kò fi bí wọ́n ṣe ṣe é pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹni tí ó bá wù kí ó wò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún aládùúgbò rẹ̀. Ìyìnlọ́lá gbà wọ́n gbọ́. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí wọ́n gbọ́ Yorùbá tún bọ́tìnì rẹ̀ tò kí ó lè máa kọ àmì lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n sì kó ẹgbàajì ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Victoria ni ó dàgbà jù nínú wọn, obìnrin Slipway, àdúgbò àwọn apẹja, tí ó fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, tí Yorùbá rẹ̀ sì ń rùn bí ẹja àti odò. Pátákó ìpolówó ṣọ́ọ̀bù ni ó ń fi kọ̀ǹpútà yà. Ìdánwò àṣekágbá wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ tí olúkúlùkù ti ṣe láti oṣù mẹ́wàá sì wà nínú kọ̀ǹpútà méjìlá yẹn. Ẹni tí ó bá yege yóò gba ìwé ẹ̀rí, àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò fọwọ́ kàn láyé.

Báyìí ni nǹkan wà tí Olórí fi lọ sí ìpàdé àwọn ènìyàn ńlá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ohun méjì ni ó gbọ́ níbẹ̀ láàárín ìgbà tí ó ń jẹ ẹran adìyẹ. Ó gbọ́ pé àwọn ọ́fíìsì tí ó jẹ́ ọ́fíìsì, ètò olókìkí kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ó sì gbọ́ láti ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n kan pé Yorùbá tí kò ní àmì dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ó gbé méjèèjì mì pẹ̀lú ẹran náà. Ní ọjọ́ kejì, ó pe gbogbo ilé jọ.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó wí, "ohun ọ̀fẹ́ ni ó ba ayé jẹ́. Afẹ́fẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ wo ohun tí ó ń ṣe sí páànù wa. Òjò jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ wo ojú ọ̀nà."

"Òjò gan-an, Olórí," Níran wí.

"Ohun tí kò ní ẹni tí ó ń jowú rẹ̀, kò níyì. Láti òní lọ, ètò olókìkí ni ilé yìí yóò máa lò. Ètò tí gbogbo ayé ń lò kò lè ṣe àṣìṣe."

Victoria na ọwọ́ sókè. "Bossman, ìgbàlà ńkọ́? Pásítọ̀ sọ pé ọ̀fẹ́ ni."

Olórí wo àjà. "Ìgbàlà yàtọ̀," ó wí. "Ìgbàlà kò sí nínú kọ̀ǹpútà."

Níran kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a kò gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò, Olórí yan ìgbìmọ̀ tí yóò fi ètò méjèèjì wé ara wọn. Ènìyàn méjì ni ìgbìmọ̀ náà. Olórí ni alága. Níran ni gbogbo àwọn tí ó kù. Sídì ètò olókìkí ti dé láti ọjà Waterside, níbi tí Lékè ti ń tà wọ́n lábẹ́ agboòrùn, láàárín bàtà àti ọṣẹ. Títí oòrùn fi kan àtàrí ni sídì náà ń pòyì nínú kọ̀ǹpútà kí ètò náà tó ṣí. Ètò ọ̀fẹ́ ti kọ lẹ́tà tirẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́tà náà sì ti tutù.

"Ìyára," ni Olórí wí, "àìnísùúrù ni."

Èsì ìgbìmọ̀ jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Ètò olókìkí gba ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé àwòrán tí ó wà lójú rẹ̀ jọ èyí tí Olórí rí lórí kọ̀ǹpútà mínísítà kan. Ètò ọ̀fẹ́ gba méjìlá, nítorí pé inú kọ̀ǹpútà méjìlá ni ó wà.

Ìyìnlọ́lá dìde. Kò pariwo. "Sà, mi ò ní ètò olókìkí kò dára. Ó dára. Bí a bá gbà á lọ́nà tó tọ́, tí a sì fara balẹ̀ kọ́ ọ, a lè fi ṣe gbogbo ohun tí à ń ṣe. Ṣùgbọ́n Lékè ló da ti inú sídì yìí kọ. Èyí tí wọ́n fún wa tọkàntọkàn, ẹ ní kò níyì. Èyí tí wọ́n jí, ẹ̀ ń pè é ní ojúlówó."

"Wọ́n kọ 'ojúlówó' sí i lára."

"Lékè ló kọ ọ́, sà. Bírò ni."

Olórí yí sídì náà sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó. Bírò ni lóòótọ́. "Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára," ó wí, ó sì parí ìpàdé.

Ó wá pàṣẹ ayẹyẹ ńlá. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ṣáájú ìdánwò, wọn yóò pe ẹni gíga láti Ìbàdàn, níwájú ẹni gíga náà sì ni wọn yóò ti ṣe Ìwẹ̀nùmọ́ Kọ̀ǹpútà: wọn yóò nu gbogbo ètò ọ̀fẹ́ kúrò, tòun ti ohun gbogbo tí wọ́n fi ṣe. Ìyìnlọ́lá ní, "Sà, iṣẹ́ ìdánwò wọn wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ìsinmi ni ìdánwò." Olórí ní ẹni tí ó bá mọ ìwé, ó mọ̀ ọ́n níbi gbogbo. Ohun tí kò sọ ni pé, bí ayẹyẹ náà bá dára, ó ń retí pé Ìbàdàn yóò fi òun ṣe alábòójútó ẹ̀kọ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ti ń fi ọwọ́ òsì bu ọwọ́ lùwé, kí ọwọ́ ọ̀tún lè sinmi de ọjọ́ náà.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ lẹ́tà ìpè, nínú ètò olókìkí, pẹ̀lú àmì. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti rì. Adégòkè kò mọ àmì. Ó gbọ́ Yorùbá bí omi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní dò, re, mí rí. Kò sì to bọ́tìnì rẹ̀. Àpótí kan wà nínú ètò náà tí lẹ́tà gbogbo ayé kún inú rẹ̀ bí wóró ẹ̀wà. Ibẹ̀ ni ó ti ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí à, ó rí ì. Ó rí ọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ tí ó ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ tí ó tún ní àmì lórí, kò rí i, nítorí kò sí nínú àpótí. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó dé orí oyè rẹ̀, ó dúró. Ó fi í wé ì, ó fi ì wé í. Ó rò pé í yìí dà bí ẹni tí ó na ọwọ́ sókè láti tọrọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ì gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí fìlà tí ọmọlúàbí gẹ̀ lọ sóde. Àwọn bàbá rẹ̀ kò dé fìlà gbọnrangandan rí. Ó fi àwọn o sílẹ̀ láìlámì, ó mú ì. Ó tẹ̀ ẹ́ gbàgà: Olorì O. Adégòkè.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n kà, ẹ ti rí ohun tí ó ṣe. Bí ó bá fi í sílẹ̀ ní òfìfo bí ti tẹ́lẹ̀, olúkúlùkù ì bá kà á síbi tí ó tọ́. Pẹ̀lú àmì yẹn, ìyàwó ọba ni Olorì. Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ sọ fún Ìbàdàn pé àwọn àlejò kò ní fẹsẹ̀ rìn. Ó kọ ọ́ pé òun ní ọkọ mẹ́ta, tí wọn yóò gbé wọn láti pápá ọkọ̀ òfurufú.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n bá yín wo àmì rẹ̀," Ìyìnlọ́lá wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ètò tí gbogbo ayé ń lò ni," Olórí wí, ó sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.

Èsì dé ní ọjọ́ karùn-ún. Níran kà á sókè: inú olú-ìjọ dùn sí Olorì, wọn kò mọ̀ pé ẹni bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, Màmá Adéfúnmiláyọ̀, ìyá ìjọ fúnra rẹ̀, ni yóò wá fi oyè tuntun dá a lọ́lá. Olórí gba ìwé náà, ó wo oyè rẹ̀. "Wò ó," ó wí, "bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe kọ ọ́."

Ìyìnlọ́lá rí èsì náà lórí tábìlì Níran. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ kan ilẹ̀kùn, nítorí pé kò tọ́ kí ènìyàn rí kòtò níwájú afọ́jú kí ó dákẹ́, bí afọ́jú náà tilẹ̀ fẹ́ ta ilé ẹni. Níran ní Olórí ń ya fọ́tò. Ìyìnlọ́lá kọ ìwé pélébé sí Olórí, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Olórí dá a padà láìkà á, nítorí pé ètò ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́.

Fọ́tò náà wà fún bánà ńlá. Nínú ètò àwòrán tí Lékè tún bá a wá, Olórí gbá ẹ̀gbẹ́ fọ́tò rẹ̀ mú, ó fà á kí àyà rẹ̀ lè gbòòrò. Àyà gbòòrò, orí náà sì bá a lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ kan fi wà ní Camp Johnson Road tí èkejì ń wo etí òkun. "Ó fi ọlá hàn," Níran wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Àwọn awakọ̀ mẹ́ta, ọmọ ìjọ ni wọ́n, to ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Màmá Adéfúnmiláyọ̀ sọ̀ kalẹ̀, arúgbó tíńrín tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá fún ogójì ọdún. Ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀yin ni ẹni mẹ́ta tí wọ́n kọ nínú lẹ́tà?"

Wọ́n dọ̀bálẹ̀. "Àwa ni, Màmá."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Màmá."

"Kò sí ìjà?"

Wọ́n wo ara wọn. "Rárá, Màmá. A máa ń gbà á fún ara wa ni. Ẹni tí ó bá ti rẹ̀, á sinmi, èkejì á bọ́ síbẹ̀."

Màmá di ojú títí wọ́n fi wọ ìlú. Ó ń gbàdúrà.

Gbọ̀ngàn ti kún. Bánà náà wà lókè, pẹ̀lú etí rẹ̀ méjèèjì, àti lábẹ́ rẹ̀: OLORÌ O. ADÉGÒKÈ. Kọ̀ǹpútà méjìlá wà lórí tábìlì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sin wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sẹ́yìn wọn. Níran ka oríkì tí ó fi ìwé mẹ́rin kọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Màmá dìde.

"Olú-ìjọ fún mi ní oyè kan kí n gbé wá," ó wí. "Ìyá Àwọn Obìnrin Ìjọ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí Olorì jáde síta."

Olórí ti gbọ́ 'gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.' Etí rẹ̀ kò dúró gbọ́ ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Ní ti bí Màmá ṣe pe oyè náà, ó rò pé ohùn ilẹ̀ ibi tí ìyá náà ti wá ni. Ó tún agbádá rẹ̀ gbé léjìká, ó jáde.

"Ẹ ṣeun, sà," Màmá wí. "Ẹ bá wa ké sí wọn."

"Èmi ni, Màmá."

"Ẹ̀yin ni ta?"

"Èmi ni Olórí."

Màmá wo bánà, ó wo ọkùnrin náà, ó yọ lẹ́tà jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi ìka sí orí oyè náà. "Mo gbọ́ ohun tí ẹ fi ẹnu sọ. Ohun tí ẹ fi ọwọ́ kọ rèé: ìyàwó ọba. Ẹ sì ní ẹ ní ọkọ mẹ́ta. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀."

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ní, "Èwo tún ni ti ọkọ?" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó ń bọ̀ síwájú láti orí bẹ́ǹṣì dé orí bẹ́ǹṣì.

"Ta ló fi àmì yìí síbí?" Màmá bèèrè. "Ṣé ètò kọ̀ǹpútà yín ló ṣì í?"

Adégòkè la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ó rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ níwájú gbogbo wọn. Ó wo Níran. Níran ń ka páànù àjà, ó sì ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ìgbésẹ̀ méjì. "Mo ti fẹ́ sọ fún Ọ̀gbẹ́ni," Níran wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Oyè ọdún kan ti bọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ nínú gbólóhùn kan.

Òógùn bo ọkùnrin náà. Kí a sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni: kò ti Níran síwájú, kò sì ti Ìyìnlọ́lá.

"Ètò náà kò ṣe nǹkan kan," ó wí. "Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ó dà bí fìlà, Màmá."

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ó tó lè sọ̀rọ̀, Níran, tí kò mọ ohun mìíràn tí ó lè ṣe ju kí ó tẹ̀lé ìwé ètò ayẹyẹ lọ, ti ń kéde pé ó kan Ìwẹ̀nùmọ́ Kọ̀ǹpútà.

"Kí ni wọ́n fẹ́ nù?" Màmá bèèrè.

Ìyìnlọ́lá dìde. "Oṣù mẹ́wàá, Mà. Ìdánwò wọn di ọ̀túnla. Bí wọ́n bá nù ún lónìí, kò sí ohun tí wọn yóò jókòó tì."

"Màmá, ẹ wá wò ó fúnra yín, I beg you-o," Victoria wí. Ó ṣí aṣọ funfun kúrò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àwọn ìka rẹ̀ tí ó ti pa ẹja fún ogún ọdún rìn lórí bọ́tìnì díẹ̀díẹ̀: Adéfúnmiláyọ̀. Gbogbo rẹ̀, àmì òkè àti ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀.

Màmá tẹ̀ bá ojú kọ̀ǹpútà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ogójì ọdún ni mo fi bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n kọ orúkọ mi báyìí," ó wí. "Ta ló fi Yorùbá síbẹ̀?"

"Àwa ni," Victoria wí. "Small-small. Àwọn tó ṣe é ò tì í pa mọ́ wa."

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà méjìlá náà. Ìdánwò yóò wáyé lọ́jọ́ Ajé. Ó ní sídì Lékè kò gbọdọ̀ tún wọ ilé ìjọ. Ètò olókìkí fúnra rẹ̀ kò jẹ̀bi, ọjọ́ tí ìjọ bá gbà á lọ́nà ẹ̀tọ́, kí ẹni tí ó bá wù lò ó. Ìyìnlọ́lá ni yóò máa bójú tó ilé náà. Ó wá ku ọ̀rọ̀ oyè.

"Orúkọ yín ti wọ ìwé àwọn obìnrin ní Ìbàdàn," ó sọ fún Adégòkè. "Mi ò lè fẹnu yọ ọ́. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ lẹ́tà sí wọn, pẹ̀lú àmì tó pé, pé ẹ kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni. Títí dìgbà náà, ìpàdé àwọn ìyá jẹ́ ọjọ́rú. Ẹ má pẹ́."

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn mẹ́rìndínlógún ṣe ìdánwò, méjìlá lákọ̀ọ́kọ́, mẹ́rin lẹ́yìn wọn. Mẹ́tàlá yege. Victoria ká ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ sínú ọ̀rá kí odò má baà kàn án, ó sì gbé e lọ sí Slipway bí ẹyin.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Adégòkè wọ kíláàsì, láìní agbádá. Ìyìnlọ́lá fi àga hàn án ní ìlà kẹta. Wákàtí kan ni ó fi wá lẹ́tà í rí. Wákàtí kejì ni ó fi kọ ọ́ pé òun kì í ṣe olorì, pé ọkọ̀ ni òun ní, kì í ṣe ọkọ. Òógùn rẹ̀ ń kán sórí bọ́tìnì, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

Ìyìnlọ́lá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó kà á. "Ó dára, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ohun tí ẹ kì í ṣe nìkan. Wọn yóò fẹ́ mọ ohun tí ẹ jẹ́."

Adégòkè tún na ìka sí bọ́tìnì. Ó kọ 'Mo jẹ́', ó dúró. Ìka rẹ̀ lọ sí bọ́tìnì o, ó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ kan, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, àmì lókè, ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, kò sì gbé ojú sókè títí ó fi parí rẹ̀.

"Akẹ́kọ̀ọ́," Ìyìnlọ́lá kà á jáde. "Ó pé, sà."